Samuel Lewis, ọmọ Ẹ̀gbá tó di mayor Freetown: báwo ni agbára rẹ̀ ṣe tó gan-an?

Ẹni tó bá ń ka ìtàn Freetown, olú ìlú Sierra Leone, yóò rí ibi tí wọ́n ti ní Samuel Lewis ni mayor àkọ́kọ́ níbẹ̀, yóò sì tún rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹlòmíràn tó jẹ mayor ní àádọ́ta ọdún ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan á ní òun ló ń tọ́jú ìlú, àwọn kan á ní gómìnà òyìnbó ló ń pàṣẹ. Wọ́n ní ó ti owó orí lẹ́yìn, wọ́n tún ní kò fara mọ́ owó orí. Kò sí irọ́ nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó sì ń da àwọn òǹkàwé lójú rú gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lónìí, nítorí ọmọ tiwa ni ọkùnrin yìí, díẹ̀ nínú wa ló sì mọ ohun tó ṣe.

Ọjọ́ 13 oṣù November ọdún 1843 ni wọ́n bí i ní Freetown. William àti Fanny lórúkọ àwọn òbí rẹ̀, Ẹ̀gbá sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ rántí ogun tó tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú nígbà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn a máa dọdẹ ọkọ̀ ẹrú lójú agbami. Èyí tí wọ́n bá mú, Freetown ni wọ́n ń wà á lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tú àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tí Àjàyí Crowther gbà débẹ̀ nìyẹn, òun náà ni àwọn òbí Lewis gbà.

Yorùbá pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ débi pé ìkíni wọn, “ẹ kú”, ni àwọn tó kù fi sọ wọ́n lórúkọ: Aku. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa ìgbìmọ̀ ìlú tí wọ́n dìbò yàn, Aku ti fi ọba jẹ láàárín ara wọn. Thomas Will jẹ ẹ́, John Macaulay sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọba yìí kò ní ilẹ̀ tó ń jọba lé lórí. Ìjà ló ń parí, ẹjọ́ ló ń gbọ́, òun ló sì ń gbẹnu sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́dọ̀ gómìnà. Mo mẹ́nu bà á nítorí ẹni tó bá rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́ àwọn èèyàn Freetown bí wọ́n ṣe ń to ara wọn kò mọ ibi tí Lewis ti wá. Inú ìlú tó ti mọ ìpàdé, tó ti mọ ẹgbẹ́, tó ti mọ ìdájọ́ àgbà ni wọ́n bí i sí.

Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Lewis bá a ṣòwò díẹ̀ kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London ní 1866 láti kọ́ṣẹ́ amòfin. Wọ́n gbà á sí ipò lọ́yà ní Middle Temple ní 1871, ó sì padà sílé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí kò fi sí lọ́yà tí orúkọ rẹ̀ ròkè tó tirẹ̀ ní gbogbo etíkun náà. Ní 1882 wọ́n fi í sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Sierra Leone, níbi tó wà fún ogún ọdún.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìgbìmọ̀ yẹn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń rò pé Lewis lágbára ju bó ṣe ní lọ. Gómìnà ló ń ṣe alága. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú rẹ̀ ló pọ̀ jù, ibi tí gómìnà bá sì dojú kọ ni wọ́n ń dìbò sí. Àwọn bíi Lewis, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò ju ìwọ̀nba lọ. Lewis lè bi gómìnà ní ìbéèrè, ó lè ka àbùkù òfin síta, ó lè jẹ́ kí wọ́n kọ àtakò rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé kó lè dé London. Ṣùgbọ́n kò lè dá òfin dúró. Àwọn kan nínú àwọn ará Freetown máa ń bínú sí i pé ó ń bá òyìnbó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n rí nǹkan gbà. Lójú tèmi, ẹni tó jókòó síbẹ̀ fún ogún ọdún tó ń ka òfin kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹẹsẹ ṣe iṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é nígbà náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ya àwọn ìpele ìjọba sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti pọ̀ jù. Ìlú Freetown kò tóbi: ní nǹkan bí 1891, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 30,000 lọ. Yí ìlú náà ká ni àwọn abúlé àti ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Colony, ilẹ̀ ọba wọn gan-an, tí wọ́n ti gbà ní 1808. Kọjá ìyẹn sókè ni ilẹ̀ àwọn Temne, Mende àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, tó wà lọ́wọ́ àwọn ọba wọn títí di 1896 tí Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ó ti di Protectorate, ìyẹn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ààbò wọn. Gómìnà ni olórí gbogbo rẹ̀. Mayor kò ní àṣẹ kankan kọjá ẹnu ààlà ìlú Freetown. Ẹni tó bá kà pé Lewis jẹ́ mayor “Sierra Leone” ti fún un ní ilẹ̀ tí kò fìgbà kan jẹ́ tirẹ̀.

Ta wá ni mayor àkọ́kọ́? Orúkọ oyè yẹn ti wà ní Freetown tipẹ́. John Ezzidio, ọmọ Nupe tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tó sì di oníṣòwò ńlá, ló jẹ ẹ́ ní 1845. Ṣùgbọ́n oyè tí Lewis jẹ yàtọ̀. Ìjọba ṣe òfin kan ní 1893 tó dá ìgbìmọ̀ ìlú tuntun sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí àwọn onílé fi ìbò yàn, àyàfi àwọn díẹ̀ tí gómìnà fúnra rẹ̀ yàn, àti àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé. Ìgbìmọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1895, Lewis sì ni wọ́n fi ṣe mayor rẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni tó dárúkọ Ezzidio kò ṣìnà, ẹni tó dárúkọ Lewis náà kò ṣìnà. Ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ohun mìíràn tó tún yẹ ká mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìlú ló jáde wá dìbò fún Lewis pé kó wá di mayor. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú sábà máa ń dìbò fún mayor fúnra wọn. Ọ̀nà ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà yàtọ̀: àwọn onílé á yan ọmọ ìgbìmọ̀, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ á sì mú ọ̀kan nínú ara wọn fún mayor. Ọ̀nà yẹn ni Freetown tẹ̀ lé. Agbára mayor wá láti inú ìgbìmọ̀, kò lè dá ṣe ohunkóhun.

Kí wá ni ìgbìmọ̀ náà ń ṣe? Ọjà, ojú pópó, gọ́tà, ìmọ́tótó, iná ìgboro, irú nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí àfi tó bá bàjẹ́. Ọlọ́pàá wà lọ́wọ́ gómìnà. Ilé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba. Èbúté àti owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé, ìjọba ló ni ín, ibẹ̀ sì ni owó gidi wà. Ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ wá owó tirẹ̀ níbòmíràn. Níbo? Lára ilé àwọn èèyàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Lewis ti le jù lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

Ẹ wo bí owó orí ilé ṣe ń ṣiṣẹ́. Aṣàyẹ̀wò kan á wá síwájú ilé rẹ. Bóyá ilé pákó ni, irú èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta, tí àwọn kan ṣì wà ní Freetown títí dòní. Kò ní béèrè iye tó ń wọlé fún ọ. Yóò wo ilé náà, yóò sì fojú díwọ̀n pé bó bá jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ fi í rẹ́ǹtì, èló ni yóò mú wá lọ́dún. Ká ní ó kọ pọ́n-ùn mẹ́wàá. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹnu kò lọ́dún yẹn pé ṣílè kan ni kí wọ́n gbà lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ṣílè mẹ́wàá ni wà á san. Àpẹẹrẹ tèmi ni iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí ìṣirò rẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn. Opó tó jogún ilé ńlá tí kò sì ní owó lọ́wọ́ á san ju oníṣòwò tó ń gbé yàrá rẹ́ǹtì lọ. Ẹ lè rí ìdí tí kò fi dùn mọ́ni.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí sì dé kò dára. Ní 1872, gómìnà kan tó ń jẹ́ John Pope-Hennessy ti fagi lé owó orí ilé àti ilẹ̀ ní Freetown. Inú àwọn èèyàn dùn débi pé wọ́n ń ṣe àjọ̀dún fún un lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó ti lọ. Báyìí ni ogún ọdún lẹ́yìn náà, tí wọ́n tún wá ń sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyẹn pé kí wọ́n padà máa san owó lórí ilé, kí wọ́n lè ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ìjọba ni: wọ́n ń gba owó ibodè wa, wọ́n tún fẹ́ ká fi owó mìíràn tún gọ́tà ṣe. Kì í ṣe ẹ̀sùn tí a lè fọwọ́ rọ́ tì. Owó ibodè yẹn, lórí ẹ̀yìn àwọn tó ń ra ọjà ló ti ń jáde.

Lewis wà lára àwọn tó gbà pé ó yẹ kí wọ́n san án. Ó mọ̀ pé ìlú tí kò ní owó tirẹ̀ kò lè ní ohùn tirẹ̀: bí gómìnà bá ń fún un lówó, gómìnà náà ni yóò máa sọ bí wọ́n ṣe máa ná an. Ọmọ Aku tí gbogbo ìlú mọ̀, lọ́yà tó lè gbádùn ìyìn wọn láìṣe wàhálà, ló dúró níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ tó ń sọ ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́. Ìgboyà tó ju ti ẹni tó ń bú òyìnbó nìkan lọ nìyẹn, mi ò sì rò pé a ti yìn ín tó fún un.

Ọdún 1893 tí wọ́n ṣe òfin ìgbìmọ̀ yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè CMG dá a lọ́lá, nígbà tó sì di 1896 wọ́n fi í jẹ Sir, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú rẹ̀ jẹ. Àwọn kan máa ń ka oyè yìí bí ẹni pé ó fi agbára kún agbára rẹ̀. Kò fi nǹkankan kún un. Oyè ọlá ni, kò ní ilẹ̀, kò ní owó oṣù, kò ní ìbò kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ìdílé Ẹ̀gbá tí ọkọ̀ ẹrú fẹ́ kó lọ, tí ọmọ wọn wá jẹ Sir láyé Ọbabìnrin Victoria. Ní Freetown, wọn kò fojú kéré ìyẹn.

Ọdún yẹn náà ni ìjọ̀ngbọ̀n tó tóbi jù láyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Gómìnà tó wà níbẹ̀ ni Frederic Cardew, sójà àtijọ́ tó dé ní 1894. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde Protectorate, Cardew ṣòfin pé láti oṣù January 1898, onílé kọ̀ọ̀kan ní àwọn àgbègbè kan lókè ọ̀hún yóò máa san ṣílè márùn-ún lọ́dún lórí ilé rẹ̀. Owó orí ahéré ni wọ́n ń pè é. Lewis kò fara mọ́ bí Cardew ṣe gbé e kalẹ̀.

Àwọn kan á wá béèrè pé: ṣé òun kọ́ ló ní kí àwọn ará Freetown san owó orí ilé? Òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé owó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní Freetown, àwọn tó ń san án ló ń yan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ná an, gọ́tà tí owó náà sì ń tún ṣe wà níwájú ilé ẹni tó san án. Lókè ọ̀hún, àwọn ọba Temne àti Mende kò bá ẹnikẹ́ni fẹnu kò pé kí wọ́n máa sanwó. Lójú wọn, ẹni tó bá ń sanwó lórí ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ti gbà pé ilé náà kì í ṣe tòun mọ́. Apò gómìnà ni owó náà ń lọ, àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè tó ń gbà á sì ti ni àwọn èèyàn lára tipẹ́. Orúkọ kan náà ni nǹkan méjèèjì ń jẹ́, owó orí, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ àdéhùn láàárín ìlú, èkejì jẹ́ ìsákọ́lẹ̀ tí ẹni tó lágbára gbé kalẹ̀. Mi ò rí ìtakora kankan nínú ìwà Lewis.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Bai Bureh, ọba Kasseh lókè ọ̀hún, ló kọ́kọ́ bá wọn jà láti oṣù February 1898. Wọn kò rí i mú títí di November, wọ́n sì rán an lọ sí Gold Coast, kò padà títí di 1905. Ní oṣù April, àwọn Mende náà dìde, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Freetown tó ń ṣòwò tàbí tó ń wàásù láàárín wọn, nítorí wọ́n rí wọn bí ara ìjọba. Síbẹ̀ Cardew tún ń sọ pé àwọn oníwèé ìròyìn Freetown ló ru àwọn èèyàn sókè. Àwọn ọmọ Aku kan kú lókè ọ̀hún nítorí àwọn Mende ní wọ́n jọ òyìnbó, nílé ìjọba ń fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n kórìíra òyìnbó. Ìjọba rán David Chalmers wá ṣèwádìí, ó sì dábàá ní 1899 pé kí wọ́n fagi lé owó orí náà. Joseph Chamberlain, tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ àmúnisìn ní London, gba ti Cardew gbọ́, owó orí náà kò sì kúrò.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ń tì mọ́ irú àwọn èèyàn bíi Lewis. Ní 1902, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò sì gba dókítà aláwọ̀ dúdú síbẹ̀. Ronald Ross ti wá sí Freetown ní 1899 láti ṣèwádìí ẹ̀fọn tó ń fa ibà. Ohun tí ìjọba sì rí ṣe sí i ni pé kí wọ́n kọ́ àdúgbò àwọn òyìnbó sórí òkè, Hill Station, tó ṣí ní 1904, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wọn lọ bọ̀. Lewis kò rí i kí ó parí. Ó kú ní London ní oṣù July 1903, kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún.

Ìgbìmọ̀ ìlú tó ṣe olórí rẹ̀ wà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní 1926, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ó bí gómìnà nínú gan-an, ilé ẹjọ́ dá mayor ìgbà náà, Cornelius May, lẹ́bi lórí owó ìgbìmọ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ni bàbá tirẹ̀ náà. Ìjọba tú ìgbìmọ̀ ká, wọ́n fi èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ yan ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ rọ́pò, kò sì sí mayor ní Freetown títí di 1948. Bí ẹ bá fẹ́ fi wé ti ilé, Èkó kò ní mayor títí di 1950 tí Ibiyinka Olorun-Nimbe jẹ ẹ́, oyè náà sì parẹ́ ní 1953. Wọn kò tún fi ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ ní Èkó lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Freetown, láti ìgbà òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 2004, àwọn ará ìlú ló ń dìbò yan mayor fúnra wọn báyìí, ohun tí kò sí nígbà ayé Lewis. Yvonne Aki-Sawyerr wọlé bẹ́ẹ̀ ní 2018. Ní 2020 ó tún owó orí ilé tò látìbẹ̀rẹ̀: wọ́n fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ka ilé, wọ́n sì ń wo òrùlé, ògiri àti ibi tí ilé wà kí wọ́n tó bu iye fún un, kí olówó lè san ju tálákà lọ. Ilé tó wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n dá a dúró ná, ìgbà tó sì yá kí iṣẹ́ náà tó máa lọ. Mayor ìlú tún rí i pé ẹnìkan wà lókè òun tó lè ní kí òun dúró.